Bodè Ìsàlẹ̀

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìbí Àìná,
mo rẹ́rìn-ín níwájú oníbàárà,
ìró mi sì yí àwọ̀ nídìí.
Mo jókòó pa ti ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ní ẹsẹ̀ ń ro mí,
títí obìnrin náà fi kó bùbá rẹ̀ lọ.

Bí mo bá húkọ́, omi.
Bí mo bá gbé korobá kúrò lẹ́nu kànga, omi.
Bí mo bá sín ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi itan di itan mú,
n kò gbọ́ ohun tí fadá wí mọ́.
Ìyá ọkọ mi ní, "Gbogbo abiyamọ ló ń rí i.
Ọmọ kì í gba ọ̀nà kọjá kó má fẹ ọ̀nà."
Mo gbà. Mo ya ògbólógbòó aṣọ sí wẹ́wẹ́,
mò ń fọ̀ ọ́ lóru, mò ń sá a sẹ́yìn ilé
níbi tí òòrùn nìkan ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìn tó ń dùn mí ni mo gbé lọ sílé ìwòsàn,
n kò gbé ìdí lọ.
Madáàmù Ìdòhú tó ń tún iṣan tò
kò mú abẹ́rẹ́, kò kọ oògùn.
Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó wo èjìká,
ó ní kí n ya ẹnu, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ró kà.
Ó wá béèrè bí ẹni ń béèrè ojú ọjọ́:
"Ìgbà wo ni ìtọ̀ ti ń bọ́ lára yín?"

Mo wo ògiri. Kàlẹ́ńdà èṣín wà níbẹ̀.
"Láti orí ọmọ kẹta," ni mo sọ fún kàlẹ́ńdà.

Ó ní, "Ará Kétu ni yín, ẹ mọ Àkàbà Ìdẹ̀nà.
Ìlẹ̀kùn tó tì tí kò lè ṣí, ṣé ìlẹ̀kùn ni?
Iṣan kan wà nísàlẹ̀ ìbàdí yín, ó tẹ́ bí àwọ̀n,
ó gbé ilé ọmọ, ó gbé àpò ìtọ̀, kò gba owó oṣù.
Ẹ̀yin wá ń fún un pinpin láti àárọ̀ dalẹ́.
Oníbodè tí kò sùn rí,
ọ̀tá a kọjá lójú ẹ̀."

Mo ti rò pé yóò ní kí n fún un. Ó ní kí n tú u.
Orí ẹní, orúnkún lókè,
ọwọ́ kan láyà, ọwọ́ kan lábẹ́ ìdodo.
Mí sínú, kí ìhà ṣí bí agbòòrùn,
kí ìsàlẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tí a sọ sómi.
Mí síta, kí o fà á sókè díẹ̀díẹ̀,
bí okùn ṣòkòtò,
kì í ṣe bí okùn màlúù.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ránṣọ.
Àṣé gbogbo ìgbà tí mo bá ń fi òwú wọ abẹ́rẹ́
ni mò ń di èémí mú,
tí eyín ń fún, tí ìdí náà ń fún.
Mo sunkún lórí ẹní yẹn. Kò sí ibi tó dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà.
Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Àìná ń hu eyín, mo gbàgbé.
Bámigbàdé bá mi nílẹ̀, ó ní, "Kí lò ń ṣe?"
Mo ní, "Mò ń kọ́ oníbodè ní oorun."
Ó gbé ọmọ, ó jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

N kò mọ ọjọ́ tí ẹ̀yìn mi dákẹ́.
Orí tó máa ń fọ́ mi nírọ̀lẹ́, òun náà bá a lọ.
Lánàá, oníbàárà ọjọ́sí tún dé,
ó ní ewúrẹ́ jẹ ìwé ẹ̀rí ọkọ òun.
Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀kán kan bọ́,
ọ̀kan péré.
Mo dìde, mo wọn èjìká rẹ̀.

Lóru, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi,
ẹni àádọ́rin ọdún, ọmọ mẹ́sàn-án.
Kò wo ojú mi.
"Èémí yẹn," ó ní, "ẹ̀bá ibo lẹ ní ó máa gbà?"
Ó ti ká ẹní tirẹ̀ sábẹ́ apá.